Alùpùpù Tó Ń Ta Sánsán Àbẹ́là

                                                            Ilé Ignace, ẹ̀yìn ọjà,
                                                            Ọ̀nà Arigbo,
                                                            Dassa-Zoumè.
                                                            Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù keje, ọdún 2025.

Àríkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú mi kí n tó kí ọ, nítorí bí mo bá fi ìkíni ṣáájú, ojú lè tún tì mí, kí n sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ti ṣe ohun kan sí alùpùpù ọmọ mi. Mo ṣe é níkọ̀kọ̀. Gervais kò mọ̀, àbúrò rẹ Ìdírísù pàápàá kò mọ̀, gbogbo ará abúlé Kpingni sì ń torí ohun tí mo ṣe yin àwọn méjèèjì. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ náà lè bínú kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Libreville. Bí mo bá sì dákẹ́, ìtìjú ni yóò lé e lọ síbẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń rò ó, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín, Àríkẹ́, ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ìyá wo ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, tó ń dá nìkan rẹ́rìn-ín sínú ìkòkò ìda àbẹ́là?

Ó yá, mo kí ọ o. Ẹ kú àtijọ́. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Àjàṣẹ́? Ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá. A gbọ́ pé àgbò yín tóbi, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí eegun kan gbà. Bàbá Ràṣídátù ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu? Ràṣídátù fúnra rẹ̀ ńkọ́, àti ẹrù tó gbé sínú? Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́. Sọ fún un pé kó yéé gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́, mo mọ̀ pé kò ní í gbọ́, ṣùgbọ́n sọ fún un.

Àwa náà wà. Òjò ń rọ̀ dáadáa, iṣu ń ta. Bàbá Gervais ń lọ sóko, ó ń bọ̀, kì í sọ̀rọ̀, bó ṣe wà láti ìgbà tí o ti mọ̀ ọ́n. Marlène wà níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní Kutonu. Ó ní òun ń jẹun. Mi ò gbà á gbọ́. Mo wo fọ́tò tó fi ránṣẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń jẹun kọ́ nìyẹn.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí gbogbo ayé. Tẹlifóònù mi ti fọ́ lójú, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ohùn tó wọlé gan-an ló fọ́, Gervais ló sì máa ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ṣé òun ni kó wá bá mi di tẹlifóònù mú kí n fi máa tú àṣírí ara mi fún ọ? Ìwé ló dára. Awakọ̀ tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé ló máa mú un bọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Gervais ń fi alùpùpù gbé èrò láti ọjà dé ibùdókọ̀, iṣẹ́ zémidjan yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni báyìí, ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, síbẹ̀ bí ó bá jáde nílé, etí mi ń bá a lọ ni. Láti ìgbà Àjíǹde ni òun àti Ìdírísù ti dojú kọ ọ̀pá èéfín alùpùpù náà, irin gígùn tó ń gbé èéfín jáde lẹ́yìn, èyí tí àwọn ọmọ gààráàjì ń pè ní póò. Wọ́n ní àwọn tó ṣe é ní Ṣáínà kò rí òkè Dassa rí, wọ́n ti dí i lọ́fun jù. Bí wọ́n bá là á lọ́fun, wọ́n ní agbára rẹ̀ máa di ìlọ́po méjì.

Ẹ̀ẹ̀kínní, wọ́n tú inú rẹ̀ jáde bí ẹni ń tú ìfun adìẹ. Àríkẹ́! Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tan án nínú àgbàlá, ewúrẹ́ mi já okùn, bàbá Gervais sì sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí nìyẹn?" O rí i pé ọ̀ràn náà tóbi. Ọmọ náà gbé e gba iwájú ihò àpáta Arigbo kọjá níbi tí àwọn obìnrin ìjọ wa ti ń ka rosárì, gbogbo wọn gbàgbé ibi tí wọ́n kà dé. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré bọ́ sí ojú ọ̀nà, ó ní, "Ìwọ ọmọ Ignace, bí o bá tún gba ibí kọjá, Màríà Wúńdíá fúnra rẹ̀ ló máa sọ̀ kalẹ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ!" Ìtìjú yìí kúkú dé bá mi níbi tí mo ti ń ta àbẹ́là. Bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn, alùpùpù náà kò lè gun òkè. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú ó ń sá bí ẹni tí oyin lé, ṣùgbọ́n gbé ẹrù lé e kí o kọjú rẹ̀ sókè, á kàn máa ké ni, kò ní í lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ní kí ọ̀pá náà kúrú. Irin wo ni wọ́n fi ṣe é? Ẹsẹ̀ ibùsùn mi ni. Bàbá Gervais lọ dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wo àjà. Kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pá kúkúrú náà jó Ìdírísù ní ojúgun. Kò ní í sọ fún ọ, àmọ́ bí o bá rí i pé àbúrò rẹ ń wọ ṣòkòtò gígùn nínú oòrùn, ohun tó ń bò mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní ó ti yé àwọn báyìí, gígùn ló yẹ kó gùn. Wọ́n gé irin lára ẹ̀rọ omi kan tó ti kú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gba abẹ́ ikùn alùpùpù, wọ́n sì la ẹnu rẹ̀ gbàgà lẹ́yìn. Wọ́n ra ìwé àjákọ, wọ́n ń kọ ọ́ sínú rẹ̀: láti ìdí igi máńgò dé ibi àpáta funfun, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógójì. Ọjọ́ kejì, méjìdínlógójì. Wọ́n ń fò fẹ̀rẹ̀ nítorí ìṣẹ́jú àáyá kan. Èmi ń wò wọ́n láti ìdí iná mi, mo ń sọ fún ara mi pé eré yìí ni yóò pa ọmọ yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Armel ti wọlé rè é. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníṣu ní Kpingni. Oko wọn wà lẹ́yìn òkè, iṣu wọn kò sì lè dé ọ̀nà ọ̀dà àyàfi kó gun òkè yẹn kọjá. Òjò ti gbẹ́ ọ̀nà náà débi pé ọkọ̀ kò lè gbà á mọ́. Ẹgbẹ́ ní alùpùpù mẹ́rin, gbogbo wọn ló ń kú sí ìdajì òkè. Ni Armel bá kéde pé ẹni tí alùpùpù rẹ̀ bá gbé àpò iṣu méjì gun òkè náà láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, òun ni ẹgbẹ́ máa gbà síṣẹ́, òun náà ló sì máa tún mẹ́rin tiwọn ṣe kí wọ́n dà bíi tirẹ̀.

Gervais wá jókòó tì mí. Ó ní, "Mámà, bí n ò bá rí èyí gbà, mò ń lọ bá Désiré ní Libreville. Mi ò lè máa lọ láti ọjà dé ibùdókọ̀, kí n máa bọ̀ láti ibùdókọ̀ dé ọjà títí n ó fi hu ewú." Désiré ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń kun ilé níbẹ̀. Ojú omi ló gbà lọ. Ìwọ wò ó: bí ọmọ mi bá borí, á máa fi eré pa ara rẹ̀ lórí òkè. Bí kò bá borí, á gorí òkun. Èwo ni kí ìyá gbàdúrà fún? Mo gbìyànjú àdúrà méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ó sú èmi fúnra mi.

Oṣù yìí ni mo máa ń da àbẹ́là tí mo ń tà fún àwọn tó ń rin ìrìn-àjò mímọ́ bọ̀ ní Arigbo lóṣù kẹjọ. Ọ̀pá irin ni mo fi ń dà á. N ó na òwú sí àárín, n ó dí ìsàlẹ̀, n ó da ìda gbígbóná sí i, bó bá tutù n ó fà á yọ. Oríṣi mẹ́ta ni ọ̀pá mi: tẹ́ẹ́rẹ́, alábọ́dé àti ńlá. Ọ̀kan nínú àwọn alábọ́dé ti gbó, ìpẹtà ti lu ú bí ajọ̀, ìda ń jò níbi gbogbo lára rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìdánwò Kpingni, Gervais gbé ariwo rẹ̀ dé lọ́sàn-án, ó sì wọ balùwẹ̀ lọ, ó ń kọrin. Mo wo alùpùpù. Mo wo ọ̀pá jíjò yẹn. Mo fi kànìnkànìn onírin tí mo fi ń fọ ìkòkò wé ọ̀pá náà lára kó lè há, mo tì í bọ ẹnu póò, mo sì fi ọmọ odó tí mo fi aṣọ wé gbá a wọlé títí n ò fi rí i mọ́. Kó tó nu ara rẹ̀ tán, mo ti padà sídìí ìkòkò mi, mo ń da ìda bí ẹni mímọ́.

Ariwo ni mo fẹ́ kó dínkù. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn.

Nígbà tó tan án, ohùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó kàn ń kùn bí ológbò. Gervais fetí sí i, ó pe Ìdírísù. Àbúrò rẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ lé àyà, ó ní, "Irin tuntun ni. Bó bá ti gbóná dáadáa tán, á wá mọ ara rẹ̀." Gervais ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ti rò bẹ́ẹ̀. Mo wọlé lọ fi ìrọ̀rí bo ẹnu.

Èmi náà lọ sí Kpingni lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní iṣu ni mò ń lọ rà. Èrò pọ̀ bí ọjọ́ ọjà. Alùpùpù àkọ́kọ́ dé ìdajì, ó kú. Èkejì yà sínú koríko, àpò já, iṣu sì ń yí bọ̀ wá bá wa nísàlẹ̀ bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀. Ó wá kan ọmọ mi. Wọ́n di àpò méjì mọ́ ọn lẹ́yìn, ó tan án, ó kọjú sí òkè. Ìdírísù ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ké pé, "Má fi í sílẹ̀! Má fi í sílẹ̀!"

Àríkẹ́, mo ti gbàgbé pé ìda ṣì kù nínú ọ̀pá yẹn. Bí irin ṣe gbóná, ìda yọ́, èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ òkè sì ń ta sánsán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àbẹ́là lẹ́yìn Míísà. Ìyá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ya àmì àgbélébùú sára, ó ní, "Ta ló ń ṣe Míísà nínú igbó?" Ọkùnrin kan dá a lóhùn pé, "Alùpùpù Àgùdà ni, ìyá. Ó ti ṣe ìrìbọmi." Ẹnì kejì ní, "Ẹ jẹ́ kó débẹ̀ ná, kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ." Ó sì débẹ̀! Kò sáré, kò ké, ó kàn ń gun òkè náà bí àgbàlagbà tó mọ ibi tó ń lọ, ẹsẹ̀ ọmọ mi kò kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Orúnkún mi ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀, èmi tẹ̀lé e.

Lókè yẹn, Gervais mú igi, ó ń ya àwòrán sílẹ̀ fún Armel àti àwọn àgbà. "C'est la longueur! Gígùn ọ̀pá ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Bí ọ̀pá bá gùn, èéfín á máa fa èéfín." Gbogbo wọn ń mi orí. Mo mi orí tèmi náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀? Mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí èsì ìdánwò BEPC rẹ̀ ti jáde.

Ibi tó ti burú rè é. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ṣe irú ọ̀pá kan náà fún alùpùpù kínní ti ẹgbẹ́. Wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n, kò fi ìka kan gùn jù, kò fi ìka kan kúrú jù. Kò gun òkè. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ṣe ti èkejì. Ó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà, kò gun òkè. Àwọn kan ti ń sọ pé òògùn ló wà nínú ti Gervais. Àwọn míì ní ìyá rẹ̀ ló tan àbẹ́là fún un ní Arigbo. Armel kò gba ìsọkúsọ, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ Sátidé ni òun dá: bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn kò bá gun òkè, ẹgbẹ́ á wá ẹlòmíì.

Lánàá mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn ní gààráàjì Ìdírísù. Àbúrò rẹ ti mú ayùn dání, ó fẹ́ la póò Gervais wò. Ọmọ mi fi ara bò ó. "Ẹni tó bá fi ayùn kan èyí, kó kọ́kọ́ fi kan ọrùn mi. Àwa méjèèjì la ṣe é. Kí lo fẹ́ wá nínú rẹ̀ tí ìwọ kò fi síbẹ̀?" Àríkẹ́, ata ni mo ní ó gba ibi tí kò yẹ. Ìdírísù bu omi fún mi, ó ń gbá mi lẹ́yìn, ó ń kí mi pẹ̀lẹ́, mo sì ń sunkún ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń padà lọ, mo gbọ́ Gervais lórí tẹlifóònù lẹ́yìn ògiri. Désiré ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń bi í pé ọjọ́ wo ni ọkọ̀ ojú omi máa ń gbéra. Ẹ̀rín náà sá lọ.

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ ọ́, mo ti sọ ọmọ mi di òpònú lójú gbogbo àgbà Kpingni. Gbà mí nímọ̀ràn. Ìda ń hó, mo ń bọ̀.

                                                            Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Míísà.

Àríkẹ́, mi ò lè dúró de ìmọ̀ràn rẹ, má bínú. Ohun tí mo kọ sókè yìí, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, kí o lè mọ bí inú mi ṣe rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo mú ọ̀pá alábọ́dé kan, mo fi ìró bò ó, mo lọ sí gààráàjì. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Mo gbé ọ̀pá náà sórí tábìlì wọn.

Ìdírísù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àbẹ́là lẹ fẹ́ tà fún wa ni? Ọ̀rọ̀ wa ti dé ibẹ̀?"

Mo ní, "Rárá. Irú ọ̀pá yìí kan wà nínú alùpùpù Gervais. Èmi ni mo fi síbẹ̀."

Ọmọ mi wò mí. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀, ó yọjú sínú póò. Ó mú wáyà, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń fà, ó ń fà, ni ọ̀pá àbẹ́là mi bá yọ, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, kànìnkànìn mi ṣì wé mọ́ ọn lára. Ìdírísù wò ó. Ó wò mí. Ó ní, "C'est la longueur!" ó sì ṣubú lé orí táyà tó tò sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. "Èéfín á máa fa èéfín! Yéè! Gervais, ya àwòrán rẹ̀ fún mi!"

Gervais kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde, ó lọ jókòó sórí òkúta níwájú gààráàjì. Mo tẹ̀ lé e, mo dúró, mi ò mọ ibi tí n ó gbé ọwọ́ sí.

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ṣe é, Mámà?"

Mo ní, "Ariwo rẹ̀ ni."

Ó ní, "Ariwo nìkan?"

Ọ̀rẹ́ mi, ibi tí mo ti mọ̀ pé mo ti ń pa irọ́ fún ìwọ àti fún ara mi nìyẹn. Mo ní, "Rárá. Mo fẹ́ kó má lè sáré mọ́. Mo ń rí ọ nínú ọkàn mi, o ń já bọ́ láti orí òkè. Mo mọ̀ pé bí o bá pàdánù o máa lọ sí Libreville, síbẹ̀ mo dí i lọ́fun." Mo ní kó máa bínú o, mo tọ́ sí i.

Ìdírísù ń fetí sí wa láti inú gààráàjì. Nígbà tó yá, Gervais fi ọwọ́ nu ojú, mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni! Ó ní, "Ó kúkú gbọ́ tiyín, Mámà. Láti ọjọ́ Sátidé yẹn ni kò ti sáré mọ́. Lórí ọ̀nà ọ̀dà, gbogbo ayé ló ń kọjá lára mi. Mo ti yí ṣéènì padà, mo ti fọ kabirétọ̀, mi ò mọ ohun tó ṣe é. Òkè nìkan ló mọ̀ ọ́n gùn."

Mo ní kò yà mí lẹ́nu. Ta ló ń gbé garawa omi karí tó ń la ẹnu gbàgà? Bí mo bá fẹ́ gbé ẹrù, èmi á sé èémí ná, n ó gbé e karí tán kí n tó mí. Ẹ̀yin ti la alùpùpù yín lọ́fun débi pé ó ti mí gbogbo agbára rẹ̀ jáde kó tó kan iṣu. Ẹni tó bá fẹ́ sáré, kó la ẹnu. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù, kó di ẹnu díẹ̀. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, Ìdírísù yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àjákọ àti bírò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra tún un sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù, kó ṣe kí ni?"

A ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà títí oòrùn fi fẹ́ẹ́ wọ̀. A ni mo wí, Àríkẹ́, èmi náà wà níbẹ̀! Wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sínú póò alùpùpù ẹgbẹ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sùn. Wọ́n fi ńlá sí i, ariwo padà dé, agbára lọ. Wọ́n fi alábọ́dé sí i, ó há mọ́ ọn bíi pé ìyá kan náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n kò gun òkè bíi ti àkọ́kọ́. Ìdírísù ń họ orí. Èmi ni mo rántí ihò ìpẹtà. Mo ní, "Ti àkọ́kọ́ ń jò, èyí kò jò." Ni wọ́n bá mú ìṣó, wọ́n lu ú káàkiri, mo ń ka ihò náà fún wọn bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ rosárì. Ó gùn!

Lọ́jọ́ Sátidé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gun òkè Kpingni lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpò méjì-méjì. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Mo rò pé Gervais máa gba ìyìn rẹ̀ kó sì dákẹ́, mi ò ní í bá a wí. Ó gun òkúta kan. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, mo ṣe àlàyé kan fún yín lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni. Èmi gan-an kò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ìyá mi ló ti ọ̀pá àbẹ́là bọ ẹnu alùpùpù mi kí n má bàa sáré." Ẹ̀rín bú. Armel dojú kọ mí, ó ní, "Ìyá Gervais, ṣé ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì?" Mo ní, "Láti ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó lọ." Ìyá arúgbó yẹn nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn, ó ní òun ti sọ fún gbogbo ilé òun pé Màríà Wúńdíá ló wà nínú rẹ̀.

Désiré pe Gervais lórí tẹlifóònù nígbà tí wọ́n ń tú iṣu sílẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo ń ṣe bí ẹni ń so ìró. Ọmọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa kun ilé yín lọ o. Iṣẹ́ ti há mi mọ́ orí òkè." Mo so ìró yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin.

Gbọ́ ti ìkẹyìn yìí, kí o má sì jẹ́ kó dé etí Marlène. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ́jọ́ náà, Gervais ní kí n gun ẹ̀yìn òun kí a jọ máa lọ sílé. Èmi tí mi ò gun alùpùpù ọmọ mi rí! Mo di ojú mọ́rí, mo ti ka "Mo kí ọ Màríà" tó mẹ́wàá kí a tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀dà. Nígbà tí mo la ojú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè mi, àwọn òkè tò lọ lápá ọ̀tún bí ẹran tó dùbúlẹ̀, iná ìlú sì ń tàn níwájú. Ara mi wá yá gágá. Bàbá kan lórí kẹ̀kẹ́ ológeere dé ẹ̀gbẹ́ wa, ó kí wa, ó bi wá léèrè ilé, ó sì kọjá lọ. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà! Mi ò mọ ìgbà tí mo lu ọmọ mi ní èjìká. "Gervais! Ṣé bó ṣe ń lọ nìyí? Fún un níná, jàre!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Iná ti tán lọ́wọ́ mi, Mámà. Ẹ̀yin lẹ dí i lọ́fun." A dé ilé lẹ́yìn àwọn tó fi ẹsẹ̀ rìn. Bàbá Gervais dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo èmi, ó wo alùpùpù, ó ní, "Ó dára." Ọ̀rọ̀ méjì!

Ó ku ọ̀kan. Gbogbo ọ̀pá alábọ́dé mi ti wà nínú alùpùpù Kpingni, àwọn ará Gbaffo náà sì ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá ṣe tiwọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí àwọn tó ń bọ̀ ní Arigbo tó dé, mi ò sì ní ohun tí n ó fi da àbẹ́là alábọ́dé, èyí tó ń tà jù. Jọ̀wọ́, wo ọjà Àjàṣẹ́ fún mi bí o bá rí ọ̀pá irin tó gba àtàǹpàkò. Bá mi kí bàbá Ràṣídátù dáadáa, kí o bá mi fọwọ́ pa ikùn Ràṣídátù. Ìdírísù ní kí n kí ọ, ó ní kí o má gbà mí gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ojúgun òun.

Má ṣe jẹ́ kí awakọ̀ yìí padà lọ́wọ́ òfo. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, kó tó mu omi, kọ èsì fún un. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o rí ọ̀pá, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá o rẹ́rìn-ín, nítorí èmi kò tíì dákẹ́.

                                                            Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, tí ìda ṣì kún èékánná rẹ̀,

                                                            Marguerite, ìyá Gervais.